Ojoojúmọ́ Ni Ìyá Ọkọ Mi Ń Béèrè Bóyá Ọmú Mi Ti Jinná

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí ó ti sú mi láti máa dá a rò. Kò sí ọjọ́ kan tí ìyá ọkọ mi kì í pè mí láti orí àga rẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀ tí a bá ti kírun Àsárì tán. Orúkọ tó ń pè mí kì í ṣe orúkọ mi. Kì í sì í ṣe “ìyàwó” tó máa ń pè mí tẹ́lẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọmọ rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ló ń pè mí. Àbẹ̀kẹ́ ni àbúrò Màmá, ọmọ ìyá rẹ̀ tó tẹ̀ lé e gan-an, ó sì ti kú kí wọ́n tó bí ọkọ mi. Tí mo bá sì ti jẹ́ ẹ, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí: ṣé ọmú náà ti jinná? Mo máa ń dá a lóhùn. Ọkọ mi ní irọ́ ni mo ń pa fún ìyá òun, ó ní kí n yéé ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti ń dá wàhálà díẹ̀ sílẹ̀ láàárín wa, èyí tí kì í ṣe àṣà wa. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é? Mi ò tíì dúpẹ́ tán lọ́wọ́ obìnrin yìí, òun sì ti gbàgbé ohun tó ṣe fún mi pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá. Télọ̀ ni mí. Ẹ̀gbẹ́dá la ń gbé, ṣọ́ọ̀bù mi sì wà lójú ọ̀nà Ìdímù, níbi tí mo ti ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ mi láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Ẹnu mi kì í dákẹ́, gbogbo kọ́sítọ́mà mi ló mọ̀ mí mọ́ ọn. Bíríkìlà ni ọkọ mi. Nínú àwọn ilé tí ẹ̀ ń rí ní Ìgándò àti Ìṣẹ̀rí-Olófin yẹn, ó mọ díẹ̀ níbẹ̀, sìmẹ́ńtì ò sì fìgbà kan kúrò létí rẹ̀ tán. Nígbà tí mo bí Sikírù, àbíkẹ́yìn mi, lásìkò ìjọba àwọn ṣọ́jà, Màmá wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti wá wẹ ọmọ fún wa. Obìnrin gíga ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tó bá wúkọ́ lásán, gbogbo ayálégbé ti mọ̀ pé ẹnì kan ti ṣe nǹkan tí kò dáa. Mo bẹ̀rù rẹ̀ gan-an. Èmi tí mò ń rojọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, tí Màmá bá ti wò mí báyìí, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu mi.

Sikírù ti ń rákòrò nígbà tí mo ń wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọwọ́ mi kan kókó kan lápá ìsàlẹ̀ ọmú òsì mi. Ó tó èkùrọ́. Kò dùn mí rárá, ṣé ẹ rí i, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lemọ́lemọ́. Màmá ni mo kọ́kọ́ fi hàn. Ó tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́ sósì, ó ní wàrà ló dì, kò sí nǹkan míì níbẹ̀. Bó ṣe gbé òòyà onígi rẹ̀ jáde nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ rí mọ ohun tí mò ń sọ. Á fi aṣọ tó ti bọ omi gbígbóná lé ọmú mi, á fi òrí pa á, á wá máa fi òòyà yà á láti òkè wá sí orí ọmú, bí ẹni tó ń ya irun, kí wàrà lè yọ́. Mi ò bá a wí o. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi tí ọmú mi le bí òkúta, òòyà yìí kan náà ló gbà mí, mo sì sùn lọ́jọ́ náà bí ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, a yà á yà á, kókó ò yẹ̀. Ojú ara mi ti ń pọ́n, kókó wà níbẹ̀ ní tiẹ̀, ó ń wò wá.

Nọ́ọ̀sì kan wà tó jẹ́ kọ́sítọ́mà mi, èmi ni mo ń rán gbogbo yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Ó wá wọ aṣọ rẹ̀ wò lọ́jọ́ kan, ó wá fi apá gbá mi láyà láìmọ̀, mo sì sún sẹ́yìn. Ó béèrè ohun tó ṣe mí. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà, àwàdà ò wá. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó yẹ̀ mí wò, ó yẹ abẹ́ apá mi wò pẹ̀lú, ó wá ní kí n wá bá òun ní ilé ìwòsàn ìjọba tí òun ti ń ṣiṣẹ́, kí dókítà fojú kàn án. Nígbà tí mo délé tí mo sọ ọ́, Màmá dìde lórí ẹní. Ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ dókítà. Ó ní ọ̀bẹ ò gbọdọ̀ kan nǹkan bẹ́ẹ̀, pé tí ọ̀bẹ bá ti kàn án, yóò bínú, yóò sì gbé èèyàn lọ. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe ń sọ ọ́. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, mo rò pé ayé àtijọ́ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan ló ń rí níwájú rẹ̀.

Ọkọ mi ò lè gbẹ́nu sókè sí ìyá rẹ̀, kò sì fẹ́ kí n kú. Ó fọwọ́ lẹ́rán títí lórí bẹ́ǹṣì níta, lẹ́yìn náà ló sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Èmi ò gbọ́ nǹkan kan o. Ṣùgbọ́n lọ.” Mo bá sọ fún Màmá pé mò ń lọ ra sípì àti láínì tí mo fi ń tẹ́ inú aṣọ lọ́jà, mo gbé ọmọ sílẹ̀ fún un, mo lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ apá yìí dáadáa, pàápàá ẹ̀yin obìnrin, torí àìmọ̀ ló fa ìdajì ẹ̀rù tó bà mí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ ni dókítà fi wò mí, ó sì bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ní ìdílé mi ti ní irú rẹ̀ rí. Ó ní òun máa kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ fà á, tó bá jẹ́ omi ló wà nínú rẹ̀, á tú jáde. Ó fà á, nǹkan kan ò jáde. Ó wá ní àfi kí àwọn gé kókó náà jáde, kí àwọn gbé e lọ fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wo ohun tí ojú lásán ò lè rí. Ó ní kì í ṣe pé òun ti rí jẹjẹrẹ, ó ní nítorí kí àwọn lè mọ̀ ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, etí mi ò gbọ́ nǹkan míì mọ́ lẹ́yìn jẹjẹrẹ. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó máa gé ọmú mi lọ. Ó ní rárá, kókó nìkan ni, pé ọmú mi ò ní lọ síbì kankan.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo tún “lọ ra láínì.” Wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀, wọ́n fi nǹkan tútù kan nu ọmú mi, wọ́n fi aṣọ aláwọ̀ ewé bo gbogbo àyà mi, ó ku ojú ibẹ̀ nìkan. Wọn ò mú mi sùn. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n gún mi sójú ibẹ̀, abẹ́rẹ́ náà sì ta mí bí ata, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Ìyẹn nìkan ló dùn mí. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ibẹ̀ kú. Mo ń gbọ́ dókítà, mo ń gbọ́ bí sísọ́ọ̀sì ṣe ń gé nǹkan, mo ń mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń fà á tó sì ń tì í, bí ìgbà tí èèyàn ń fa okùn nínú ṣòkòtò tó wà nídìí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò dùn mí. Tó bá fẹ́ máa dùn mí, ó ní kí n sọ, kí òun fi abẹ́rẹ́ kún un. Iná lọ láàárín kan. Nọ́ọ̀sì mi tan tọ́ọ̀ṣì, ó fi ọwọ́ kejì di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n máa sọ bí mo ṣe máa rán bùbá tí òun máa wọ̀ nígbà ọdún. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọrùn bùbá. Nígbà tí mo fi máa dé orí apá, dókítà ti ń rán mi. Kò pẹ́ tó ìgbà tí mo fi máa ń rán ìró kan.

Wọ́n fi òwú àti pílásítà bò ó. Wọ́n ní kí omi má kàn án títí tí wọ́n á fi pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kí n má gbé ohun tó wúwo, kí n má wa ẹ̀rọ fún ọjọ́ díẹ̀, kí n máa wọ kọ́mú tó le tọ̀sántòru kí ọmú má baà máa mì. Wọ́n ní Sikírù lè máa mu ọmú ọ̀tún, kí n máa fi ọwọ́ rọra fún ti òsì. Tí ara mi bá gbóná, tí ibẹ̀ bá ń ṣọyún, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń rin òwú, kí n má dúró de ọjọ́ àdéhùn, kí n máa bọ̀ kíá. Nọ́ọ̀sì tún un sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, torí ó mọ̀ pé ọkàn mi ò sí níbẹ̀.

Mo rìn wọlé bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Mo tilẹ̀ gbé láínì dání! Màmá gbé ọmọ fún mi, ebi sì ti ń pa á. Ẹ mọ̀ pé ọmọ máa ń ní ọmú tó fẹ́ràn. Ti òsì ni Sikírù fẹ́ràn. Bó ṣe fi orí gbá ibẹ̀ báyìí, agbára abẹ́rẹ́ tó pa ibẹ̀ kú sì ti ń lọ, mo ké.  Màmá sún mọ́ mi, ó ká bùbá mi sókè, ó rí pílásítà.  Mo ń dúró de ìwúkọ́ yẹn. Mo ti ń to ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu, mo ti ń wo ibi tí màá kúnlẹ̀ sí. Ọmọ ń ké, ó kọ ti ọ̀tún, ó ń fi ẹsẹ̀ ta mí. Màmá wo pílásítà yẹn pẹ́, lẹ́yìn náà ló na ọwọ́.

“Ìwọ àti ẹni tó mú ọ lọ ti ṣe é. Gbé ọmọ wá.”

Ó jókòó sórí ẹní, ó tú ìró àyà rẹ̀, ó sì ki ọmú tirẹ̀ tó ti gbẹ bọ ọmọ lẹ́nu. Sikírù fà á, ó wo ojú rẹ̀, ó tún fà á, ó dákẹ́. Nígbà tí ara rẹ̀ rọ̀, Màmá rọra gbé e sí ọmú ọ̀tún mi, ó sì mu. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn ní gbogbo ọjọ́ tí mo fi wà nínú ìrora. Tí ọmọ bá ti ń wá ti òsì, Màmá á ti tú ìró. Ó ti pẹ́ gan-an tí ọmọ ti mu ọmú rẹ̀ kẹ́yìn, Sikírù sì ti ní eyín. Ó ń bù ú jẹ o! Màmá á kàn di ojú, á ní kò sí nǹkan.

Ìrora náà kì í ṣe èyí tí èèyàn ò lè mú mọ́ra. Oògùn tí wọ́n fún mi ká a. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni àwọ̀ rẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ dì sábẹ́ awọ, gbogbo ibẹ̀ dúdú, ó wá pọ́n, ó wá ṣe bí aṣọ tí aró rẹ̀ ń ṣí. Ó tún wá di ọjọ́ kan tí mo rí nǹkan funfun lójú òwú. Mo ti ń sunkún pé ọyún ni, pé ó ti bínú bí Màmá ṣe sọ. Màmá ló fà á sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, “Wàrà nìyí,” ó sì ní kí ọkọ mi mú mi lọ fún nọ́ọ̀sì láti rí i. Ẹ gbọ́ mi bí? Òun tó ní kí n má lọ! Nọ́ọ̀sì ní lóòótọ́ wàrà ni, pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú, pé ó máa dá. Ó sì dá. Nígbà tí wọ́n tú okùn tí wọ́n fi rán an, mo wo ojú rírán náà bí télọ̀, mo ní ẹni tó rán èyí kì í ṣe ọmọṣẹ́.

Ó wá ku èsì. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, wọ́n ní kò tíì dé. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí abẹ́rẹ́ tó dùn tó dídúró yẹn. Mo máa ń gé aṣọ ní gígékúgèé. Mo ba ìró ìyàwó tuntun kan jẹ́, mo ra òmíràn dá a padà. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Màmá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó sì sọ ohun tí ọkọ mi gan-an ò gbọ́ rí fún mi. Ó ní Àbẹ̀kẹ́ bímọ, kókó yọ lọ́mú rẹ̀. Ó ní òun tí òun jẹ́ ẹ̀gbọ́n ni òun sọ pé wàrà ló dì, òun ni òun ń fi òòyà yà á. Ọkọ Àbẹ̀kẹ́ fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà òyìnbó, òun ló ní kó má lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e lọ, ó ti bẹ́. Wọ́n fi ọ̀bẹ kàn án, kò sì padà wálé. Gbogbo ilé ní ọ̀bẹ ló pa á. Màmá ní òun náà sọ bẹ́ẹ̀, torí tí kò bá jẹ́ ọ̀bẹ, ta ni? Kò sunkún. Èmi ni mo sun ún. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti bẹ̀rù rẹ̀ mọ́, ìfẹ́ rẹ̀ ló kù lọ́kàn mi.

Lọ́jọ́ tí èsì dé, àwa mẹ́ta la lọ, èmi, Màmá, àti Sikírù lẹ́yìn rẹ̀. Dókítà wo ìwé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó ní wàrà ló dì.

Wàrà! Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ ilé ìwòsàn bí ọkùnrin. Mo wá rántí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ohun tó sọ láti ọjọ́ kìíní gan-an ni dókítà sọ yìí. Mo ní Màmá á bá mi wí títí ilẹ̀ á fi ṣú lónìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbójú sókè, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ pòròpòrò, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

“Bákan náà ni wọ́n rí lọ́wọ́ mi,” ó ní, “tìrẹ àti ti Àbẹ̀kẹ́. Ọwọ́ mi ò mọ̀ wọ́n yàtọ̀.”

Ìdí tí mo fi ń sọ fún gbogbo obìnrin nìyẹn, tí mo bá ti ń wọn àyà wọn: ẹni tó bá rí kókó, kó jẹ́ kí wọ́n wò ó. Ó lè jẹ́ wàrà. Ó lè má jẹ́ wàrà. Ọwọ́ kankan ò lè sọ ọ́, ìbáà jẹ́ ọwọ́ tó fẹ́ràn wa jù láyé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà yẹn, mo rán bùbá ọdún nọ́ọ̀sì mi lọ́fẹ̀ẹ́, ọrùn rẹ̀ sì jókòó dáadáa. Màmá nìkan ni mi ò rí bá dúpẹ́. Tí mo bá ti kúnlẹ̀, á ní kí n dìde jàre, ọmọ ń ké.

Ọdún ti gorí ọdún báyìí. Sikírù ti gba ohùn ọkùnrin. Ọkọ mi lọ gbé ìyá rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ torí pé ó ń ṣìnà láàárín ilé ara rẹ̀. Kò mọ̀ mí mọ́. Kò mọ ọmọ tó fi ọmú gbígbẹ tọ́. Àbẹ̀kẹ́ nìkan ló kù nínú orí rẹ̀, ó sì ti rí i lójú mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó béèrè, mo ní, “Màmá, èmi ni, ìyàwó yín. Àbẹ̀kẹ́ ti kú.” Ẹ̀yin èèyàn mi, ó gbọ́ ikú náà bí ẹni tó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Igbe tó ké lọ́jọ́ náà, gbogbo àdúgbò ló jáde. Lọ́jọ́ kejì, ó ti gbàgbé, ó tún béèrè. Ọkọ mi ní tí a bá ń sọ ọ́ lemọ́lemọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tó máa wọ̀ ọ́ létí. Ó ní òótọ́ lòótọ́. Mo mọ̀ pé kò fẹ́ ibi fún ìyá rẹ̀.

Lánàá, ó tún pè mí. Mo jókòó sẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, ṣé ó ti jinná?” Mo ṣí bọ́tìnnì mi, mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo fi lé ojú àpá náà. Ó fi ìka tọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí ẹni tó ń wo ojú rírán.

“Ó ti jinná, ẹ̀gbọ́n mi,” ni mo sọ.

Ojú rẹ̀ tàn. Ó di aṣọ mi padà fún mi. Ó ní, “Ó dáa tí mo jẹ́ kí o lọ.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tó bá tún pè mí lónìí, ta ni nínú yín ló máa bá mi sọ fún un pé kò jẹ́ kí Àbẹ̀kẹ́ lọ?